Ojú Bíbọ́ Kì í Ṣe Ojú Bíbó

Àmì kékeré kan ni ó ya ọ̀rọ̀-ìṣe méjì sọ́tọ̀ nínú èdè Yorùbá. Bí a bá fi àmì náà sábẹ́ lẹ́tà, a ó ní ‘bọ́’, èyí tí à ń fi omi ṣe fún ojú ní òwúrọ̀. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, a ó ní ‘bó’, èyí tí à ń fi ọ̀bẹ ṣe fún ọsàn. Ẹni tí ó bọ́jú mú ìdọ̀tí kúrò lójú, ojú rẹ̀ sì kù síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a. Ẹni tí ó bójú mú ojú náà fúnra rẹ̀ kúrò. Àwọn onímọ̀ èdè kọ́ ni wọ́n sọ àṣà fífi ọṣẹ àti ìpara sọ ara dúdú di pupa lórúkọ. Àwọn ará ọjà ni. Wọn kò pè é ní ìtọ́jú ara, wọn kò sì pè é ní ìmọ́tótó. Wọ́n ní lágbájá ń bóra. Ohun tí wọ́n fi ojú rí ni wọ́n fi ẹnu sọ.

Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àròkọ yìí kò lọ́jú pọ̀ rárá. A kò mọ ojú bọ́ mọ́, nítorí pé a ti gbà pé bíbó ni bíbọ́. A gbà pé ojú tí ó pupa ni ojú tí ó mọ́, pé ọṣẹ tí ó ta ni lójú ni ọṣẹ tí ó ń ṣiṣẹ́, àti pé awọ tí a kò bá fi kànrìnkàn líle họ kò tíì kúrò nínú ìdọ̀tí. Ìgbàgbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni irọ́. Wọn kò ti inú àṣà wa wá, ìmọ̀ ìṣègùn kò sì tì wọ́n lẹ́yìn. Síbẹ̀ àwọn ni wọ́n ń darí owó tí à ń ná lọ́jà àti ohun tí à ń fi pa àwọn ọmọ wa lára.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí èdè wa ṣe pín iṣẹ́ omi. Aṣọ ni à ń fọ̀, àwo ni à ń fọ̀. Ọmọ ni à ń wẹ̀. Ẹsẹ̀ ni à ń ṣàn. Ojú ni à ń bọ́. Òótọ́ ni pé a máa ń fọ orí, a sì máa ń fọ ẹnu, ṣùgbọ́n orí ní irun, ẹnu sì ní eyín tí ó le bí òkúta. Ẹni tí ó bá ń fọṣọ yóò ra á mọ́wọ́, yóò fún un, yóò tún gbọ̀n ọ́n kí ó tó sá a sóòrùn. Ta ni ó gbọ́ rí pé wọ́n ń fún ojú? Ẹni tí ó ń bọ́jú yóò bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi pa ojú láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó parí. Ní ọ̀pọ̀ agboolé, ọmọ tí kò tíì bọ́jú kò gbọdọ̀ kí àgbà ní òwúrọ̀. Iṣẹ́ ojú bíbọ́ nígbà náà ni pé kí ojú ènìyàn là, kí ó lè fi ojú tí ó mọ́ wo ẹnìkejì rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rán omi ìbọ́jú níṣẹ́ pé kí ó pa àwọ̀ dà.

Níbo ni a ti wá rí i pé omi àti ọṣẹ lè sọ dúdú di funfun? Ìtàn náà ní ojúlé. Ní àsìkò Kérésìmesì ọdún 1884, ìwé ìròyìn The Graphic ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù gbé ìpolówó ọṣẹ Pears kan jáde. Àwòrán méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Nínú èkíní, ọmọ dúdú kan wà nínú ọpọ́n ìwẹ̀, ọmọ funfun kan sì dúró tì í tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́. Nínú èkejì, ọmọ dúdú náà ti jáde nínú omi, ara rẹ̀ ti funfun láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ni ó kù tí ó dúdú. Ẹni tí ó ya àwòrán yìí kò fi pa mọ́ pé ìdọ̀tí ni òun ka àwọ̀ wa sí, àti pé ọ̀làjú ni ọṣẹ òun. Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé epo pupa tí wọ́n ń kó láti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Liverpool wà lára ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò ní ayé ìgbà náà. Ọ̀pẹ tiwa ni wọ́n fi se ọṣẹ tí wọ́n fi bú wa. Ìgbà tí ó di 1923, Lever Brothers dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ọṣẹ alájẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò ọṣẹ dúdú ní balùwẹ̀ àwọn ọ̀làjú.

Èmi kò ní kí a má lo ọṣẹ òyìnbó. Ọṣẹ kò ní ẹ̀yà. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni èrò tí ó bá ọṣẹ náà wọlé, tí ó jókòó, tí ó sì di onílé. Ẹ wọ ọjà èyíkéyìí lónìí, ẹ wo ara àwọn tí wọ́n ń bóra. Ojú wọn yóò pupa, ọrùn wọn yóò pupa, ṣùgbọ́n oríkèé ìka ọwọ́ wọn yóò dúdú kirikiri, etí àti ìgúnpá náà yóò sì kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ inú ìpolówó 1884 funfun lára, ojú rẹ̀ ni ó kù. Àwọn tiwa funfun lójú, oríkèé ni ó kù. Ohun tí ìpolówó náà kò rí parí, àwa ni à ń fi owó ara wa parí rẹ̀.

Àwọn kan máa ń dáhùn pé ẹwà pupa kì í ṣe ohun àjèjì, pé Yorùbá fẹ́ràn ọmọ pupa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ìlàjì òótọ́ ni. Bí a bá rí ẹni tí ó pupa, à ń kì í ní apọ́nbéporẹ́. Bí a bá rí ẹni tí ó dúdú, à ń kì í ní adúmáadán. Ẹ fetí sí ìtumọ̀ adúmáadán dáadáa: ẹni tí ó dúdú, tí ó sì ń dán. Dídán ni a yìn, ìyẹn ni pé awọ náà ní ìlera, ó ní omi nínú, ọ̀rá rẹ̀ kò gbẹ. Epo tí a fi ẹni pupa wé pàápàá, ohun tí ó ń dán ni. Àwọn tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò wo àwọ̀ nìkan. Wọ́n wo bí awọ ṣe rí. Kò sì sí oríkì fún ẹni tí ó ti ipò adúmáadán ṣí lọ sí ipò apọ́nbéporẹ́. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò pàdánù méjèèjì, nítorí pé awọ tí a bó kì í dán. Ńṣe ni ó máa ń fẹ́lẹ́, tí iṣan yóò máa hàn lábẹ́ rẹ̀.

Kí wá ni awọ ojú? Awọ ojú kò rí bí awọ àtẹ́lẹsẹ̀. Ó fẹ́lẹ́, ihò kéékèèké tí ń tú ọ̀rá jáde sì pọ̀ ní iwájú orí, ní imú àti ní àgbọ̀n. Ọ̀rá yìí kì í ṣe ìdọ̀tí. Òun àti àwọn ọ̀rá mìíràn tí wọ́n wà láàrin ìpele òkè awọ ni wọn kì í jẹ́ kí omi ara gbẹ, àwọn náà ni wọ́n sì ń ṣọ́nà kí kòkòrò àìfojúrí má baà wọlé. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní pH, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan sí bí omi ọsàn, tàbí bí ó ṣe ta sí bí omi eérú. Omi lásán wà ní 7. Awọ tí ó ní ìlera máa ń wà ní nǹkan bí 4.5 sí 5.5, ìyẹn ni pé ó kan díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọṣẹ tí à ń rà lọ́jà wà ní nǹkan bí 9 sí 10. Bí ọṣẹ bẹ́ẹ̀ bá kan ojú, yóò kó ìdọ̀tí lọ, yóò sì kó ọ̀rá tí ń ṣọ́ awọ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ojú fi máa ń fà lẹ́yìn tí a bá bọ́ ọ tán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yọ̀ bí ojú wọn bá ń fà, wọ́n ní ó ti mọ́. Kò mọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n tú u sí ìhòòhò ni.

Gbogbo awọ kò rí bákan náà, ibi tí a sì ti máa ń ṣìnà nìyí. Ìyá, ọmọ, bàbá àti àlejò á jọ máa lo ọṣẹ kan ṣoṣo, wọ́n á tún jọ máa lo kànrìnkàn kan ṣoṣo. Ọ̀nà tí ènìyàn fi lè mọ irú awọ tí òun ní kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le bọ́jú, kí ó fi aṣọ ìnujú tí ó mọ́ tẹ ojú náà gbẹ, kí ó má sì fi nǹkan kan pa á fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Lẹ́yìn náà kí ó wo dígí. Bí gbogbo ojú bá ń dán fún ọ̀rá, awọ ọlọ́ràá ni. Bí ó bá ń fà, tí ó sì hàn bí ẹni pé eérú wà lójú, awọ gbígbẹ ni. Bí iwájú orí, imú àti àgbọ̀n bá ń dán ṣùgbọ́n tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbẹ, awọ àmúlùmálà ni. Bí kò bá fà tí kò sì yọ ọ̀rá, awọ alábọ́ọ́dé ni, kí olúwa rẹ̀ dúpẹ́. Ẹni tí ọṣẹ olóòórùn dídùn bá ń ta lójú, tí ojú rẹ̀ ń yún tàbí tí ó ń wú, awọ ẹlẹgẹ́ ni tirẹ̀. Ojú ọjọ́ náà ní ipa tí ó ń kó. Awọ tí ó ń yọ ọ̀rá nínú ooru Èkó lè gbẹ háúháú nígbà ọyẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní ayé ni ènìyàn ń wo awọ ara rẹ̀.

Bí a bá ti mọ irú awọ tí a ní, ojú bíbọ́ kò le mọ́. A ó kọ́kọ́ fọ ọwọ́, nítorí pé ọwọ́ tí ó dọ̀tí kò lè mú ojú mọ́. A ó lo omi tí kò gbóná. A ó fi ìka ọwọ́ pa ọṣẹ tí kò le sí ojú jẹ́jẹ́, a ó ṣàn án dáadáa, a ó fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ gbẹ láìnu ún gírígírí. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ tó, àti ìgbà tí a bá làágùn púpọ̀. Ẹni tí awọ rẹ̀ gbẹ lè fi omi lásán bọ́ ọ ní òwúrọ̀, kí ó fi ọṣẹ pamọ́ di alẹ́, kí ó sì fi òrí díẹ̀ pa ojú nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tí awọ rẹ̀ yọ ọ̀rá kò gbọdọ̀ torí bẹ́ẹ̀ bọ́jú nígbà mẹ́fà lóòjọ́. Awọ rẹ̀ yóò kàn máa bínú ni. Kí ó yàgò fún ìpara tí ó kún fún epo, kí ó sì má jẹ́ kí ìpara irun máa ṣàn wá sí iwájú orí, nítorí pé ó máa ń fa irorẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí awọ rẹ̀ jẹ́ ẹlẹgẹ́, kí ó wá ọṣẹ tí kò ní òórùn dídùn. Kí ẹnikẹ́ni má sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ojú kí ó jáde sóòrùn: omi ọsàn náà àti ìtànṣán oòrùn lè jọ jó awọ bí iná, kí ó fi àpá dúdú sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ irorẹ́ ni ó ń kó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa sínú kòtò. Wọ́n ti sọ fún wọn pé ìdọ̀tí ni ó ń fa irorẹ́, nítorí náà wọ́n ń họ ojú wọn bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò. Irorẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ènìyàn jẹ́ ọ̀bùn. Nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà, àwọn èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń mú kí ihò ọ̀rá ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ihò náà á dí, kòkòrò á pọ̀ nínú rẹ̀, ó á wú. Họ́họ́ kò lè wo èyí sàn. Awọ dúdú sì ní ìwà kan tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀: ibi tí ó bá ti fara gbọgbẹ́, ó máa ń dúdú sí i. Bí ọmọ bá ti họ irorẹ́, àpá dúdú yóò jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà náà ni ẹnìkan yóò sọ fún un pé ọṣẹ kan wà tí ń pa àpá rẹ́. Ọ̀pọ̀ irú ọṣẹ àti ìpara bẹ́ẹ̀ ní èròjà clobetasol tàbí irú rẹ̀ nínú, oògùn tí ó yẹ kí dókítà kọ fún aláìsàn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ojú yóò jọ pé ó dára. Lẹ́yìn náà, oògùn náà fúnra rẹ̀ yóò mú irorẹ́ mìíràn wá, awọ yóò fẹ́lẹ́, ọmọ náà yóò sì padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó tà á fún un láti ra èyí tí ó le jù ú lọ. Òwò tí ń dá oníbàárà rẹ̀ lóró kí ó baà lè padà wá kò yàtọ̀ sí oko ẹrú.

Mélòó ni a fẹ́ kà nínú eyín adípèlé? Mẹ́kúrì tí wọ́n ń fi sínú àwọn ọṣẹ ìbóra kan máa ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń dààmú ọpọlọ àti iṣan. Hydroquinone tí a bá lò fún ọdún púpọ̀ lè mú kí ojú yọ àbàwọ́n aláwọ̀ aró, kí ó dúdú ju bí ó ti wà lọ. Wọ́n ti ṣàlàyé irú àrùn yìí láàrin àwọn tí ń lo ìpara ìbóra ní South Africa láti 1975. Ìjọba ibẹ̀ fi òfin de hydroquinone nínú ìpara ẹwà ní 1990, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2001. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò sí ní 2013 dojú kọ mẹ́kúrì nínú ìpara àti ọṣẹ. Ní ilẹ̀ tiwa, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ti gbé àwo orin Yellow Fever jáde ní 1976 láti bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn abóra. Àjọ NAFDAC, tí a dá sílẹ̀ ní 1993, ní òfin tí ó de mẹ́kúrì nínú ohun ìpara, nígbà tí ó sì di 2023, àjọ náà kéde pé ọ̀rọ̀ ara bíbó ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún ìlera ará ìlú. Olórin ti sọ, dókítà ti sọ, ìjọba ti sọ, síbẹ̀ a rí ìyá tí ń fi ìpara ìbóra pa ọmọ ọwọ́. Ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀, wọ́n ti sọ fún awọ rẹ̀ pé kò dára tó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye tí àwọ̀ dúdú tó, kí ó bi àfín léèrè. Àwọn ará wa tí wọ́n jẹ́ àfín kò ní èròjà tí ń mú ara dúdú lọ́wọ́ tó, oòrùn sì ń fi ojoojúmọ́ gbẹ̀san lára wọn. Àwọn ni wọ́n nílò fìlà gbàràmù, aṣọ alápá gígùn àti ìpara adènà oòrùn tí SPF rẹ̀ kò dín ní 30, nítorí pé jẹjẹrẹ awọ kò jìnnà sí ẹni tí kò bá rí ààbò. Ohun tí àfín ń fi gbogbo ayé rẹ̀ sá fún ni abóra ń fi owó rà wálé. Owó tí ó yẹ kí a fi ran àfín lọ́wọ́ láti ra ààbò ni à ń fi ra ọ̀nà láti tú ààbò tiwa ká.

Wọ́n á ní, “Ara mi ni, owó mi ni.” Mo gbà pé ara rẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ná owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òun ń rà. Ìyàwó tí ó bóra fún ọdún mẹ́wàá, tí ó wá di dandan kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láti gbé ọmọ jáde, awọ rẹ̀ lè fẹ́lẹ́ dé ibi pé ojú ọgbẹ́ rẹ̀ á ṣòro láti jinná. Ta ni ó sọ èyí fún un nígbà tí wọ́n ń pa ìpara rẹ̀ pọ̀ nínú ike? Ìyọ̀ǹda tí a gbà lọ́wọ́ ẹni tí a fi òkùnkùn bò kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹni tí ó bá sì ti wà nínú rẹ̀, kí ó má kàn dá a dúró lójijì nítorí ìbẹ̀rù. Kí ó tọ dókítà awọ lọ, nítorí pé awọ tí ó ti mọ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀ lára lè ru gùdù bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹgbẹ́ kejì wà tí èmi kò fẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín kọjá. Àwọn ni wọ́n ń sọ pé ohun gbogbo tí ó bá ti jẹ́ ìbílẹ̀ ló dára, pé kí gbogbo ènìyàn padà sí ọṣẹ dúdú, ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Ọṣẹ dúdú jẹ́ ohun ìyangàn, eérú èèpo kòkó àti àdín ni a sì ń fi se é lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n eérú ni eérú ń jẹ́. Ó máa ń ta. Awọ ọlọ́ràá lè fara dà á, awọ gbígbẹ yóò sunkún nígbà ọyẹ́. Àwọn aláròpọ̀ ọjà tilẹ̀ ti ń po ìpara ìbóra mọ́ ọṣẹ dúdú, wọ́n á sì pè é ní ti ìbílẹ̀. Tìróò tí a ń lé sójú ńkọ́? Ìbílẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni òjé pọ̀ nínú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ọgbọ́n àwọn baba wa kò sí nínú ọṣẹ kan pàtó. Ó wà nínú bí wọ́n ṣe ń wo ara kí wọ́n tó fi nǹkan pa á.

Mo wá kàn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì. Ní 1984 àti 1990, àwọn àgbà wa gbé ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní apá méjì, wọ́n sì fi wá ọ̀rọ̀ fún fonọ́lọ́jì, gírámà àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n lónìí, ìyá tí ó mọ Yorùbá kà dáadáa, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, yóò gbé ike ìpara lọ́wọ́, kò ní rí gbólóhùn Yorùbá kan lára rẹ̀ tí yóò sọ fún un pé mẹ́kúrì ni ó wà nínú rẹ̀, tàbí pé oògùn tí ń mú awọ fẹ́lẹ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, bí a bá tilẹ̀ kọ ọ́ rárá. A ti wá orúkọ fún oríṣiríṣi fáwẹ̀lì tán. A kò tíì wá orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ fún oríṣiríṣi awọ tí ó wà lójú àwọn tí ń pe fáwẹ̀lì náà. Awọ ọlọ́ràá, awọ gbígbẹ, awọ àmúlùmálà, awọ ẹlẹgẹ́: mo ti kọ wọ́n síbí yìí. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá. Kí NAFDAC sì fi dandan lé e pé bí a bá máa ta ìpara ní ilẹ̀ Yorùbá, kí a kọ ewu inú rẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí a kọ ọ́ ní Haúsá àti Ìgbò ní ilẹ̀ tiwọn.

Ẹ̀yin ọkùnrin náà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ẹnu yín ni ọmọbìnrin ti ń gbọ́ pé pupa ló wù yín. Ẹ̀yin olórin, ẹ̀yin òǹkọ̀wé eré, bí ẹ bá fẹ́ sọ pé obìnrin lẹ́wà, ọ̀rọ̀ kò ṣá yín lẹ́nu débi pé àwọ̀ nìkan ni ẹ ó máa pè. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ ọmọ yín ní ojú bíbọ́ kí ọjà tó kọ́ ọ ní ojú bíbó. Ohun tí ẹ ó kọ́ ọ kò ju omi mímọ́, ọwọ́ mímọ́, ọṣẹ tí ó bá awọ rẹ̀ mu, àti sùúrù lọ. Bí ó bá sì bọ́jú tán, kí ó gbé ojú náà sókè, kí ó fi wo ayé: ojú tirẹ̀ ni.